Kọ́bọ́ọ̀dù Àǹtí Ẹ-Dákẹ́

Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ló mọ̀ pé ẹni tó ń pariwo jù lọ nínú yàrá ìkàwé ni obìnrin tí wọ́n gbà síbẹ̀ kó máa pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bí ọmọ kan bá húkọ́, á ké, "Ẹ dákẹ́!" Bí àga bá dún, "Ẹ dákẹ́!" Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀ lórí páànù, ó gbójú sókè, ó ní kí òjò náà dákẹ́. Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Àǹtí Ẹ-Dákẹ́ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, àfi níwájú rẹ̀.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, obìnrin náà fẹ́ràn ìwé. Bó bá wọnú ìwé tó dùn, ẹ lè kí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní gbọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìwé ló ń rójú rere rẹ̀. Ìwé ìtàn ni tiẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn wà, ló to àwọn ìwé ìtàn sí. Àwọn ìwé àlàyé, ìyẹn àwọn tó ń sọ bí egungun ṣe so pọ̀, ohun tí kòkòrò ń jẹ àti ìdí tí ọkọ̀ fi ń léfòó, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló kó wọn sí, lábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò. Bí èèyàn bá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ilẹ̀kùn á bo gbogbo wọn. "Ìwé tí kò ní ìtàn nínú," ó máa ń wí, "ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni."

Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fojú rẹ̀ gbolẹ̀ ń bẹ nínú ẹbí. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ni, kíláàsì karùn-ún ló wà, orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì sọ ọ́ ni Kò-Wù-Mí. Ìwé ìtàn wo ni àǹtí rẹ̀ kò tíì gbé fún un? Ó gbé ti ọmọ ọba tó sọnù fún un. Ọmọ náà yí ìwé wò níwájú, ó yí i wò lẹ́yìn, bí ẹni tó fẹ́ ra bàtà.

"Àǹtí, ṣé ó ṣẹlẹ̀?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọmọ ọba yẹn. Ṣé ó sọnù lóòótọ́?"

"Ìtàn ni, ìwọ ọmọ yìí. Ẹnì kan ló jókòó tó rò ó."

"Tí kò bá sọnù, kí wá ni wọ́n ń wá? Kò wù mí."

Ó gbé ti ìjàpá tó ra kẹ̀kẹ́ fún un. Ṣé ó ṣẹlẹ̀? Kò ṣẹlẹ̀. Kò wù mí. Ó gbé ti àwọn ìbejì tó bá òṣùpá ṣọ̀rẹ́ fún un. Ọmọ náà tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, ó sì dá a padà fún un pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn gan-an ló ń dun àǹtí rẹ̀ jù.

Àárín sáà ni ẹgbẹ́ àwọn òbí ṣèlérí pé àwọn máa ra ìwé tuntun kún yàrá ìkàwé. Inú Àǹtí Ẹ-Dákẹ́ dùn, ó ń kọrin bó ṣe ń gbálẹ̀. Ayọ̀ yẹn kò tíì balẹ̀ tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́ pè é. Bàbá Ìdánwò ni àwọn ọmọ ń pe ọkùnrin yìí, nítorí pé bí ọmọ bá kí i káàárọ̀, ó lè bi í ní ìbéèrè lórí káàárọ̀ náà. Lójú tiẹ̀, irú ìwé kan ṣoṣo ló wà láyé, ìyẹn ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn.

"Àǹtí, mo ti mọ ohun tí a máa rà," ó ní. "Ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Páálí kan fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ọmọ wo ló máa yá irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ sílé?"

"Ọmọ wo ló ń yá tiyín? Ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn ẹ̀ là ń wò. Ọmọ àbúrò yín tó wà lábẹ́ imú yín, ìwé mélòó ló ti kà?"

Ọ̀rọ̀ náà bá a níbi tó ti ń dùn ún. Nígbà tó máa fi mọ ohun tó ń sọ, ẹnu rẹ̀ ti yá ju orí rẹ̀ lọ. Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn òbí bá wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ, Kò-Wù-Mí máa dìde níwájú gbogbo wọn, á sì sọ ìwé tó kà tán.

"Tí kò bá rí i ṣe ńkọ́?"

"Ẹ ra ìbéèrè yín."

"Tó bá rí i ṣe?"

"Èmi ni mo máa yan gbogbo ìwé. Ẹ ò ní bá mi dá sí i."

Ọ̀gá nawọ́ sí i kí wọ́n bọwọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí jáde. Bí wọ́n bá fi ìbéèrè ìdánwò kún yàrá yẹn, kò sọ́mọ tó tún máa wọ ibẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lé e wọlé, òun náà á sì di ẹni tó ń ṣọ́ páálí. Ó rò ó títí, orí rẹ̀ gbóná. Ọgbọ́n kan wá sọ sí i lọ́kàn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí a bá ní kí ọmọdé má fọwọ́ kàn, òun gan-an lọwọ́ rẹ̀ máa ń yún sí? Ó ṣa àwọn ìwé ìtàn tó dùn jù jọ, ó kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígi, ó fi àgádágodo ńlá tì í, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé: ÀGBÀ NÌKAN. Kí àyè lè gba kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó kó èyí tí òjò ti pa lára àwọn ìwé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn sínú páálí láti dà wọ́n nù. Ibi tó ti ń làágùn nídìí iṣẹ́ yìí ni Kò-Wù-Mí bá a, tó na ọwọ́ sínú páálí, tó fa ọ̀kan yọ.

"Àǹtí, *Bí Àgádágodo Ṣe Ń Ṣiṣẹ́*. Ṣé ẹ fẹ́ dà á nù ni?"

"Mú un. Fi nu tábìlì."

"Ṣé òótọ́ ni ohun tó wà nínú ẹ̀?"

"Kí ni àgádágodo fẹ́ purọ́ fún?" Kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ ló ń yí.

Láti ọjọ́ yẹn ni eré orí ìtàgé ti bẹ̀rẹ̀. Bí Kò-Wù-Mí bá ti yọjú, Àǹtí á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù díẹ̀, á fa ìwé kan yọ, á kà á, á bú sẹ́rìn-ín, á lu itan, á wá ṣe bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ. "Háà! Kí lò ń wò? Ìwé yìí kì í ṣe tọmọdé o!" Á tì í gbàgà. Ọmọ náà sì ń wo kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lóòótọ́. Ojoojúmọ́ ló ń wá jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn lásìkò ìsinmi, á wo itan ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á tún gbójú sókè wo àgádágodo. Àǹtí ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Ó ní ọgbọ́n òun ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn òbí dé, ó wọlé láàárọ̀, ó bá àgádágodo ní ṣíṣí, ó ń fì lára ìkọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn Àǹtí. "Ẹja ti gbé ìwọ̀ mì!" ló ké, ó sì fò sókè bí ọmọ kékeré. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù wò. Kò sí ìwé kankan tó dín. Wọn ò tilẹ̀ ṣí wọn wò. Eruku orí wọn ṣì wà níbẹ̀.

Kò-Wù-Mí dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni mo ṣí i. Mo fẹ́ wò ó bóyá òótọ́ ni ìwé yẹn sọ."

"Ìwé wo?"

"Ti àgádágodo. Òótọ́ ni. Irin irun kan ṣoṣo, èyí tí mo fi ń há irun mi, ni mo fi ṣí i."

"Àwọn ìwé tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wá ńkọ́?"

Ọmọ náà wo inú kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. "Ẹ̀n-ẹ́n, àwọn ìtàn yẹn? Àǹtí, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ kàn ń tàn mí ni. Tí ẹ bá ń kàwé tó dùn lóòótọ́, ẹ kì í rẹ́rìn-ín báyẹn. Ẹ kì í tilẹ̀ gbọ́ tí a bá kí yín."

Àǹtí fìdí kalẹ̀. Ojú tì í gan-an. Ó tún fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jẹ́ jáde. Ìwé tó ní kí wọ́n fi nu tábìlì ni ọmọ yìí ń gbé sórí itan láti ọjọ́ yìí, tí òun ń ṣe bí ọ̀bọ níwájú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ṣé o kà á tán?" ó béèrè.

"Ẹ̀ẹ̀mejì. Ibì kan wà níbẹ̀ tí òjò ti pa á rẹ́, mo ní láti fi orí ara mi rò ó."

"Ìyẹn lo máa sọ lọ́la."

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ kejì. Àwọn òbí jókòó sórí bẹ́ńṣì, àwọn ọmọ to ara wọn sílẹ̀, ọ̀gá so táì rẹ̀ títí tó fi ń fún un lọ́rùn. Kò-Wù-Mí dìde. Ó sọ bí àwọn irin wẹ́wẹ́ ṣe tò sínú àgádágodo, bí eyín kọ́kọ́rọ́ ṣe ń gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, àti bó ṣe jẹ́ pé bí ọ̀kan ṣoṣo bá kọ̀, gbogbo wọn á kọ̀. Ìyá kan tiẹ̀ ti fa kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ yọ, ó ń wo eyín rẹ̀.

"Ìbéèrè!" ni ọ̀gá wí. Ó bi í ní ọ̀kan, ọmọ dáhùn. Ó bi í ní òmíràn, ó dáhùn. Ọ̀gá yí ọwọ́ padà. "Àkọ́sórí nìyẹn. Ẹni tó bá kàwé tó yé e, á lè ṣe é."

"Kí wọ́n fún mi ní àgádágodo kan, sà."

Àǹtí sáré na ti kọ́bọ́ọ̀dù sí i. "Rárá o!" ni ọ̀gá ké. "Ẹ lè ti ṣe nǹkan sí ìyẹn. Àgádágodo tèmi la máa lò. Ẹni tó tà á fún mi ní olè gan-an máa sunkún nídìí ẹ̀." Ó yíjú sí ẹ̀ṣọ́ géètì. "Lọ gbé àpótí irin tó wà lábẹ́ tábìlì mi wá."

Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Ìgbà tí ẹ̀ṣọ́ gbé àpótí náà dé tó sì gbé e kalẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn ni ojú ọ̀gá yí padà, bí ẹni tó rántí pé òun gbé ìkòkò kaná.

"Ó... ó ti tó. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ìbéèrè ìdánwò ló wà nínú ẹ̀, àṣírí ni."

"A ò ní wo inú ẹ̀!" ni àwọn òbí figbe bọnu. "Kó kàn ṣí i!"

Irin irun ti wọlé. Kò-Wù-Mí di ojú, ó gbé etí sún mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́. Káú! Àgádágodo já sílẹ̀. Àwọn ọmọ hó yè, ẹ̀ṣọ́ géètì sì gbàgbé ara rẹ̀, ó ṣí ìdérí àpótí.

Kò sí ìbéèrè kankan níbẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ kan ló wà níbẹ̀, àwòrán ewúrẹ́ tó dé fìlà ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi wà lára rẹ̀, ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan sì wà láàárín rẹ̀ láti fi mọ ibi tí wọ́n kà á dé.

"Ewúrẹ́ mi!" Àǹtí Ẹ-Dákẹ́ kígbe dé orí páànù. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń wá *Ewúrẹ́ Tó Di Ọ̀gá Ọkọ̀ Ojú Omi*. Kò sí àpò ìwé tí kò tú ní kíláàsì kẹrin nítorí rẹ̀.

Ọ̀gá tú táì rẹ̀. "Mo kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Bóyá ó dára fún àwọn ọmọ."

"Láti ọdún tó kọjá?" bàbá kan béèrè látẹ̀yìn.

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. "Ìgbà kẹrin nìyí. Ibi tí ìjì ti ń jà yẹn, mi ò lè gbé e sílẹ̀."

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn, ọ̀gá alára sì rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn. Kò-Wù-Mí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti mú ìwé náà, ó yí i wò níwájú, ó yí i wò lẹ́yìn. Àǹtí di eyín mọ́ra, ó ń dúró de ìbéèrè tó mọ̀. Àmọ́ ọ̀gá ni ọmọ náà yíjú sí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé tí ẹ tì í pa?"

"Kí ẹnikẹ́ni má bàa yá a mọ́ mi lọ́wọ́."

Ọmọ náà mi orí. "Ìyẹn ni pé ó dùn lóòótọ́," ó ní, ó sì fi ìwé náà há abíyá.

Ọ̀gá kò yẹ àdéhùn. Àǹtí ló yan gbogbo ìwé, ìwé ìtàn àti ìwé àlàyé, ó sì kó egungun, kòkòrò àti àgádágodo kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó bẹ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin pé kí wọ́n má bínú. Kọ́bọ́ọ̀dù wà ní ṣíṣí, ìgbálẹ̀ ló ń kó sínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọ̀gá rọra yọ orí sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìkàwé. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti parí ewúrẹ́ yẹn?"

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Kò-Wù-Mí wà, ó ká ẹsẹ̀ sórí àga. Àǹtí kí i, kò gbọ́. Ó tún kí i, kò gbọ́. Inú Àǹtí dùn débi pé kò lè ṣe kó má yọ ọmọ náà lẹ́nu.

"Ìwọ ọmọ yìí, ibo lo dé? Ṣé ewúrẹ́ yẹn wa ọkọ̀ lóòótọ́? Ṣé ó ṣẹlẹ̀?"

Ọmọ náà ṣí ojú ìwé tó kàn, kò gbé orí sókè.

"Àǹtí, ẹ dákẹ́."

Àǹtí wo ọ̀gá, ọ̀gá wo Àǹtí. Àwọn méjèèjì gbé àga láìjẹ́ kó dún, wọ́n jókòó, wọ́n dákẹ́.