Kọnkéré Apá Ọ̀tún

Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kò sí kọnkéré pẹlẹbẹ kan tó máa tẹ́ sétí adágún ìwẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ sọ fún un pé "pẹ̀lẹ́", bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tuntun sórí ibùsùn. Ẹnìkejì rẹ̀ ni Ẹlẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, Pẹ̀lẹ́ sì finú tán an ju ọmọ ìyá rẹ̀ lọ.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ kò yí padà rí. Wọ́n á fẹ̀yìn kora wọn ní igun kan, Pẹ̀lẹ́ á to kọnkéré gba ọ̀tún, Ẹlẹ́rìn-ín á gba òsì, wọ́n á sì pàdé lódìkejì. Ẹnì kan kì í gbé léfẹ́lì, irin tí wọ́n fi ń wò bóyá iṣẹ́ tẹ́jú, lé iṣẹ́ ẹnìkejì. Èèwọ̀ ni. Ìwọ̀sí wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ilé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Màmá náà fẹ́ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ó sì ti sọ fáwọn méjèèjì pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wu òun jù létí adágún yìí ni yóò ṣe olórí àwọn bíríkìlà níbẹ̀. Pẹ̀lẹ́ kò ṣe olórí iṣẹ́ kankan rí. Ó wù ú débi pé kò lè sọ ọ́ síta.

Nígbà tí iṣẹ́ ku ọjọ́ méjì, àìsàn gbé ìyá Pẹ̀lẹ́ dè.

"Ẹ gbé wọn lọ sọ́síbítù, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Màmá onílé ò sí lónìí, ẹ sì mọ̀ pé wọn ò fẹ́ kéèyàn pa iṣẹ́ jẹ. Màá bá yín to apá ọ̀tún tó kù. Ta ló máa mọ̀?"

Pẹ̀lẹ́ súre fún un títí ẹnu fi ń ro ó. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, kò gbé léfẹ́lì lé e. Báwo ló ṣe fẹ́ gbé e lé e?

Ọjọ́ tí wọ́n da omi kún adágún ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Lápá òsì, omi kò tíì kan kọnkéré. Lápá ọ̀tún, ó ti gorí mẹ́fà nínú wọn, ó ń ṣàn lọ sínú koríko.

"Ta ló ṣe apá ibí yìí?" ni Màmá bi wọ́n.

Ẹlẹ́rìn-ín họ orí. "Ẹ̀gbọ́n ni, mà. Àwọn ló máa ń ṣe apá ọ̀tún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí wọn."

Pẹ̀lẹ́ yíjú sí i. Àmọ́ ó rò ó pé ẹ̀rù ló ba àbúrò òun, pé torí ti òun náà ló ṣe ṣàṣìṣe. Ó gbà fún Màmá pé òun ni. Màmá mi orí, ó sì fa iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà lé Ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀.

Wọ́n fa omi náà sílẹ̀. Pẹ̀lẹ́ mú òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kọnkéré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kó lè tún wọn tò. Nígbà tí sìmẹ́ńtì abẹ́ wọn bó tán, ó rí ìlà pupa tí òun fúnra rẹ̀ fà sára ògiri adágún kó tó lọ sọ́síbítù, èyí tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé to kọnkéré. Ó tún rí òmíràn lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fà á fara balẹ̀ fà á. Ó rọra kúrò lára ti Pẹ̀lẹ́, ó lọ sílẹ̀ ní ìka kan gbáko, kó tó tún padà gòkè bá a.

Pẹ̀lẹ́ gbé òòlù sílẹ̀. Ó pe Ẹlẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ìlà kejì náà.

"Ṣé ẹni tó ṣèèṣì ló ń fa ìlà?"

Ẹlẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín. "Ẹnì kan ṣoṣo ni Màmá fẹ́ mú, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni wọn ì bá mú?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀."

Pẹ̀lẹ́ kò mọ̀. Ó rò pé Ẹlẹ́rìn-ín ni Màmá máa mú, ó sì ti ń múra láti bá a yọ̀.