Odò Wọ Ilé Fẹ̀hìntọlá

Odò náà ti jókòó sórí àga tìmùtìmù nínú pálọ̀ kí Fẹ̀hìntọlá tó ti yàrá ìránṣọ dé. Ó ká ara rẹ̀ jọ bí àlejò tó mọ̀wà hù, kò sì sí omi tó kán sílẹ̀. Fẹ̀hìntọlá kí i kú ìjókòó. Ó fẹ́ sá, àmọ́ kò ṣeé ṣe, nítorí ẹnu ọ̀nà ti kúrò níbi tó máa ń wà. Ó ti lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, ó sì ti kéré bí ojú abẹ́rẹ́.

"Ṣé o mọ̀ mí?" ni odò bi í.

"Mo mọ̀ yín."

Ta ni kò mọ ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì? Ọmọ ọdún méje ni Fẹ̀hìntọlá nígbà tí ọkọ̀ tó gbé òun àti ìyá rẹ̀ fì sápá kan lórí odò náà, tí omi sì rọ́ wọ inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, kódà bàtà ẹnikẹ́ni kò sọnù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti ní kó wọkọ̀, á figbe ta, á dì mọ́ òpó èbúté. Àwọn aládùúgbò ní kí wọ́n rọra máa mú un lọ sétí omi díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ̀. "Ẹ fọmọ mi sílẹ̀ jàre. Ẹ̀rù ọmọdé ni. Bó bá dàgbà, á bọ́ lára ẹ̀."

Kò bọ́. Ìrókò tí wọn kò pẹ̀ka ẹ̀ ní kékeré wá di èyí tó ń gbẹbọ. Nígbà tó pé ogún ọdún, kò lè gba orí afárá kọjá mọ́. Nígbà tó pé ogójì, aṣọ tútù ló fi ń nu ara, torí ó ń bẹ̀rù omi inú báàfù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dúródọlá dúró dè é lódì kejì odò fún ọdún mẹ́ta, ó sú u, ó gbé ẹlòmíràn níyàwó. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ kó lọ sọ́dọ̀ Mọríyìkẹ́, àbúrò Fẹ̀hìntọlá, lódì kejì náà. Ọdún mọ́kànlá ni Fẹ̀hìntọlá fi ń sọ pé òun ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ìyá kú sí.

Ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í rán fúnra rẹ̀. "Ó dọ̀la, ó dọ̀la, ó dọ̀la," ni ó ń wí.

Ìyá Fẹ̀hìntọlá ti inú ògiri jáde. Aṣọ funfun tí Fẹ̀hìntọlá rán, tó sì fi ránṣẹ́ fún ìsìnkú rẹ̀, ló wà lọ́rùn rẹ̀. Apá bùbá náà gùn kọjá orúnkún, ọrùn rẹ̀ sì ń yọ̀ bọ́ sí èjìká.

"Aṣọ yìí mà fẹ̀ jù o. Ta lo wọ̀n?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Kì í ṣe èmi. Mo ti rù. O ò wá wò mí."

Fẹ̀hìntọlá fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Èmi náà jẹ̀bi," ló wí. "Ọjọ́ kejì gan-an ló yẹ kí n ti gbé ọ padà sínú ọkọ̀. O sunkún, àánú rẹ ṣe mí. Àánú yẹn ló jẹ ayé rẹ."

Ògiri là fún ìyá, ó gba ibẹ̀ jáde sẹ́yìnkùlé. Odò dìde, ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Fẹ̀hìntọlá fi máa débẹ̀, odò ti tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja, ìyá rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Fẹ̀hìntọlá di ojú, ó ki ẹsẹ̀ bọ odò. Omi náà kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ó rìn, ó rìn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀: ọgbọ̀n péré ló fi dé òdì kejì. Ó dúró níbẹ̀, ó sunkún ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tó ti ń sá fún omi.

Arúgbó kan ń gbálẹ̀ níwájú ilé. Mọríyìkẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, mà. Ta lẹ ń wá?"

"Màámi ni."

"Áà, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ara yín ni. Wọ́n ní ó rẹ àwọn láti máa dúró, àwọn ń lọ wá ọmọ àwọn lódì ọ̀hún."

Fẹ̀hìntọlá yíjú padà. Odò náà ti fẹ̀ dé ojú ọ̀run, kò ní etí mọ́. Adìẹ kan tó funfun bí aṣọ ìsìnkú ìyá rẹ̀ ń rìn bọ̀ wá bá a lórí omi, jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ.