Páílọ́ọ̀tì Tí Kò Mọ Pupa

Kí Abdulrauf tó fojú kan inú bàálù rárá ni bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ di páílọ́ọ̀tì. Alùhájì Abdulmojeed, tó ń ta ọ̀dà ilé ní Challenge, kì í pe ọmọ náà lórúkọ mọ́. "Páílọ́ọ̀tì, gbé gálọ́ọ̀nù yẹn wá." "Páílọ́ọ̀tì, lọ ra búrẹ́dì." Bí bàálù bá kọjá lókè mọ́ṣáláṣí, Alùhájì á nàka sí i: "Irú ẹ̀ ni tèmi máa wà láìpẹ́." Lẹ́mọ́mù fúnra rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó jẹ́ káwọn parí àdúà ná.

Ráúfù náà ò kọ̀ ọ́. Láti kékeré ló ti ń fẹ́ wa bàálù. Ó mọ̀ pé owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè gbọ́n àpò èèyàn gbẹ, ó sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ti gbàwé àṣẹ ṣì jókòó sílé tí wọ́n ń wáṣẹ́. Kò ka ìyẹn sí. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ lọ ní kó kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, ló bá gba ilé ìwòsàn kan lọ ní Ring Road.

Dókítà Ọláníkẹ́, obìnrin àgbàlagbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, gbọ́ àyà rẹ̀, ó yẹ etí rẹ̀ wò, ó ní gbogbo ẹ̀ dáa. Ló bá ṣí ìwé kan tí àwọn nǹkan róbótó-róbótó aláràbarà kúnnú rẹ̀.

"Nọ́ńbà wo lo rí níbí?"

Ráúfù wò ó títí. "Ẹ̀wà ni mo rí, mà."

"Ẹ̀wà kọ́. Nọ́ńbà wà níbẹ̀."

"Mà, bí nọ́ńbà bá wà níbẹ̀, ẹ̀wà ti bò ó."

Dókítà ṣí òmíràn, ó tún ṣí òmíràn. Ẹ̀wà náà ò tán. Nígbà tó yá, ó pa ìwé dé.

"Ọmọ mi, ojú ẹ ń ríran, ṣùgbọ́n kò mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Bí wọ́n ṣe bí ẹ nìyẹn. Bí rédíò bàálù bá kú, iná ni wọ́n fi ń bá páílọ́ọ̀tì sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀. Àwọ̀ ewé ní kó máa bọ̀, pupa ní kó má sọ̀ kalẹ̀."

"Ṣé oògùn wà fún un, mà?"

"Kò sí. Àmọ́ àyẹ̀wò míì wà l'Ékòó tí wọ́n ń fi iná ṣe. Àwọn kan máa ń yege níbẹ̀. Lọ gbìyànjú."

Nígbà tó ròyìn nílé ní Agbowó, Alùhájì fọwọ́ lu itan.

"Áà! Géètì Alùhájà Hamidah!"

Oníbàárà wọn ni Alùhájà. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló ní kí Ráúfù pò fún òun kóun tó rìnrìn-àjò. Ìgbà tó dé, géètì pupa ló bá.

"Èmi rò pé o ti ń mugbó ni!" Alùhájì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ní ìdílé tiwa, a mọ pupa o."

Ráúfù rọra sọ pé dókítà ní ọ̀dọ̀ ìyá ló sábà máa ń ti wá. Inú bí ìyá rẹ̀. Ó gbé fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀ Ṣàkírù, tó ń fi máíkírà ṣe takisí láti Dugbe sí Challenge, ó sì jẹ́ kí gbogbo ilé máa gbọ́ ọ.

"Ṣàkírù, iná ojú títì, àwọ̀ wo ló ní kó o dúró?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi iná yẹn sílẹ̀. Àwọ̀ kan náà ló máa ń tàn ṣáá! Báwọn tó kù bá lọ, èmi náà á lọ."

Alùhájì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ pa fóònù, ó ní òun ò tún ní wọ ọkọ̀ Ṣàkírù láyé òun.

Ráúfù lọ sí Èkó. Wọ́n mú un wọ yàrá tó ṣókùnkùn, wọ́n ń tan iná tín-ín-tín, ó ń dárúkọ àwọ̀: pupa, ewé, pupa. Ó kàn ń méfò ni. Ó fìdí rẹmi. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sunkún, ikun ń dà nímú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Qonitah fún un ní tíṣù.

"Ṣé bàálù lo fẹ́ràn ni, àbí aṣọ páílọ́ọ̀tì?"

Ráúfù ronú. "Méjèèjì."

Qonitah bú sẹ́rìn-ín. "Tó bá jẹ́ bàálù ni, àwọn kan wà nílẹ̀ tó ń ṣètò ọ̀nà tó máa gbà àti epo tó máa gbé, tí wọ́n sì ń wò ó bóyá ojú ọjọ́ dáa. Wọn ò ní bi ẹ́ ní pupa."

Ó pẹ́ kó tó gbà, torí aṣọ yẹn ń dùn ún. Nígbẹ̀yìn ó kọ́ iṣẹ́ náà, ó sì ríṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú l'Ékòó. Bí páílọ́ọ̀tì bá ń fa báàgì kọjá, ìlara ṣì máa ń gún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, páílọ́ọ̀tì àgbà kan fẹ́ gbéra lọ sí Kánò. Ráúfù, tí bàálù ò lè gbéra láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i, ní kò ṣeé ṣe.

"Ṣé ìwọ ló ń wa bàálù ni?" ọkùnrin náà jágbe.

"Ẹ̀yin ni, sà. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá débẹ̀, eruku ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rílẹ̀. Ẹ jókòó, sà."

Ọkùnrin náà kùn, ó kùn, ó jókòó. Ráúfù bi í bóyá ó máa mu tíì, ó sì jáde lọ ra àkàrà.