Ìfófó Inú Ife Bàbá Ọlọ́tí

"Ẹ má bínú sí wọn," ni ọmọbìnrin Bàbá Ọlọ́tí wí, bó ṣe ń fi aṣọ nu ìfófó bíà kúrò lára ṣòkòtò ọ̀kan nínú àwọn àlejò méjì. "Ọpọlọ wọn ò jí pépé mọ́."

Bàbá Ọlọ́tí dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ọtí, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, abẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn àlejò méjèèjì yìí ti kọ́ṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló to ẹ̀rọ bíà yìí sí pálọ̀: fíríìjì tí àgbá ọtí wà nínú rẹ̀, ìgò gáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti rọ́bà tó ń gbé ọtí wá sẹ́nu ẹ̀rọ. Ife mẹ́rin ló ti gbà lẹ́nu ẹ̀rọ náà, ìfófó funfun báláú ló kún gbogbo wọn. Àwọn àlejò ò pẹ́ kí wọ́n tó dìde. Ọ̀kan rọra fọwọ́ bà á léjìká, bí a ti í ṣe fún aláìsàn.

Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ òsì rẹ̀ ni àkọ́bí rẹ̀ yìí ti kó wá máa tọ́jú rẹ̀. Àwọn méjì péré ló wà nílé. Òun ló ń sọ kiri pé bàbá ti ń ṣarán, ó sì ti bá dókítà ṣàdéhùn fún ọjọ́ Ajé. Bí dókítà bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọpọlọ bàbá ti dàrú, ọmọ ni yóò máa fọwọ́ síwèé lórí ilé bàbá.

Bàbá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé òótọ́ ni. Ó ti fọ rọ́bà, ó ti fi èyí tó gùn pààrọ̀ rẹ̀ kí ọtí lè máa rọra wá, ó ti mú kí bíà tutù dáadáa. Bó bá dára lálẹ́, àárọ̀ ni yóò tún máa hó. Lọ́jọ́ Àìkú, ó dín gáàsì kù, nítorí bó bá pọ̀ jù, ìfófó ni bíà ń dà, ó wá fi bírò fa ìlà tín-ín-rín síbi tí ọwọ́ aago tó ń wọn gáàsì dúró sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọwọ́ aago ti kọjá ìlà náà jìnnà réré.

Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé orí òun pé. Lẹ́yìn náà ló wá yé e ẹni tó lè yí i. Ó jókòó.

Nígbà tó dìde, ó dá gáàsì padà sáyè rẹ̀, ó tú gáàsì tó ti há sínú àgbá dànù, ó sì gba ife kan. Bíà náà mọ́ gaara. Orí tábìlì ló wà nígbà tí ọmọ gbé báàgì rẹ̀ jáde. Ọmọ wò ó títí.

"Ta ló bá yín tún un ṣe?"

"Ta ló ń bà á jẹ́?"

Ọmọ ò jiyàn. "Ẹ ò tíì ṣe tán àtikú, Bàbá," ló wí jẹ́jẹ́, "ó sì ti rẹ̀ mí."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti dé bọ́tìnnì ẹ̀wù bàbá, nítorí dókítà ń dúró. Bàbá fi ọwọ́ kan tó kù fún un dá a dúró.

"Fi í sílẹ̀. Lọ kó ẹrù rẹ."

"Ta ni yóò wá máa dé e fún yín?"

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Nígbà tí mọ́tò gbé ọmọ lọ tẹrùtẹrù, bọ́tìnnì àkọ́kọ́ ló ṣì ń bọ́ mọ́ Bàbá lọ́wọ́.