Ọkọ Mi Tí Kì Í Jẹ Ẹ̀fọ́

Ọkọ méjì ni mo ní lọ́dún tí mo ṣe ìyàwó. Ọ̀kan ga, ó ń ta aṣọ lọ́jà Ìjerò, Bẹ̀llò lorúkọ rẹ̀. Èkejì kò tíì pé ọmọ ọdún méje, ó káyín iwájú méjì, kì í sì í jẹ ẹ̀fọ́. Èkejì yìí ló fojú mi rí màbo.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Wọ́n kórè kòkó ọdún 1962 tán ni wọ́n mú mi wá láti Ìkòrò. Wọ́n fomi wẹ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ìyá ọkọ mi fà mí wọlé, ó to gbogbo ọmọ ilé síwájú mi, ó ní, "Hùmúàní, gbogbo ọmọ tí o bá nílé yìí, ọkọ rẹ ni wọ́n. O kò gbọdọ̀ pe ìkankan nínú wọn lórúkọ." Mo kúnlẹ̀, mo sọ wọ́n lórúkọ tèmi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo pe ọ̀kan ní Akọ̀wé, mo pe ọ̀kan ní Dúdúyẹmí. Nígbà tó kan ọmọbìnrin kan tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, mo pè é ní Òpẹ́lẹ́ńgẹ́. Gbogbo ilé ní orúkọ náà dára.

Bíntù ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bẹ̀llò ló bí i. Simiat, ìyá rẹ̀, ti kú lórí ìkúnlẹ̀ ní ọdún méjì kí n tó dé. Wọ́n sọ gbogbo ìyẹn fún mi kí n tó gbà láti fẹ́ Bẹ̀llò, mo sì gbà. Ti ẹ̀fọ́ nìkan ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ kejì mo gún iyán, mo fi ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ se ẹ̀fọ́ odù. Odù máa ń korò díẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n sè, ìkorò yẹn gan-an ni adùn rẹ̀. Mo bù ú fún un. Ó jẹ iyán, ó jẹ ẹja, ó lá ẹ̀gúsí, ó wá to ewé sétí àwo bí ẹni ń to aṣọ tà. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ̀fọ́ rẹ ṣẹ́ kù."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, èmi kì í jẹ ẹ̀fọ́." Ó fọwọ́ nu ẹnu, ó dìde. Mo wo ìyá ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi ń wo àjà.

Kí ni kí n ṣe? Ìyàwó wo ló ń pàṣẹ fún ọkọ? Ẹni tó bá sọ pé ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè ṣe ọkọ lé ẹni lórí, irú rẹ̀ kò tíì fẹ́ ọ̀kan rí. Adérónkẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Bẹ̀llò, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ní ọmọ kan tó ń jẹ́ Hàrúnà. Hàrúnà náà kò fẹ́ ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n Adérónkẹ́ ló bí i, ẹnu rẹ̀ sì gbà á láti pàṣẹ fún un. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ dé ojú títì: "Hàrúnà, gbé e mì. Hàrúnà, ọ̀fun rẹ ni mò ń wò." Hàrúnà á sunkún, á gbé e mì, á lọ ṣeré. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wọ́n títí wọ́n á fi parí. Èmi rò pé ó ń fi Hàrúnà ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Nígbà tí mo lo oṣù mẹ́ta nílé wọn, àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà funfun, kò sì lè sáré bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Mo gbé e lọ sí dìsípẹ́ńsárì. Nọ́ọ̀sì fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ kò tó lára ọmọ. Ó fún wa ní oògùn, ó ní ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ni kí n máa fún un, lójoojúmọ́, èyí tí ewé rẹ̀ dúdú dáadáa. Mo ní kì í jẹ ẹ́. Ó ní kí n pàṣẹ fún un. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ọkọ mi ni." Ó wò mí, ó wo ọmọ, ó kọ nǹkan kan sínú ìwé. N kò mọ̀wé, n kò lè sọ ohun tó kọ.

Ẹnu kì í dákẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé Ẹ̀fọ̀n, etí ìyá Simiat. Ìyá náà rán awakọ̀ kan sí wa pé òun ń bọ̀ ní Iléyá. Ó ní bí òun bá bá ọmọ òun ní egungun, òun á gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n, kò sì ní padà wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù kí Iléyá pé. Ìyá ọkọ mi pè mí sẹ́yìn ilé, ó ní, "Bí wọ́n bá gbé ọmọ kúrò lọ́wọ́ ìyàwó, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ohun tó fà á. Ìyàwó náà ni wọ́n á ní ó fà á."

Mo ní kí wọ́n gbé e lọ. Iná ni mo sọ ọ́ fún, nílé ìdáná, níbi tí kò sẹ́ni tó gbọ́. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejì lọmọ náà ti ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí ẹní, á di etí ìró mi mú kó tó sùn lọ. N kò fẹ́ kó lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀, inú sì ń bí mi pé mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ìyà tó fi ń jẹ mí kò kéré.

Ni mo bá dá ọgbọ́n. Mo kọ́kọ́ gún odù mọ́ iyán. Iyán náà jáde ní àwọ̀ ewé. Bẹ̀llò wò ó, ó ní òun ti jẹun lọ́jà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ìyá ọkọ mi ní, "Uyán yìí ńkọ́, ṣé ó ń ṣàìsàn ni?" Mo wá lọ odù mọ́ ẹ̀wà, mo fi ṣe ọ̀ọ̀lẹ̀. Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ tú ewé ọ̀ọ̀lẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún un pọ́n dáadáa ju bí mo ṣe pọ́n ọn lọ, ó gbé e padà fún mi. Ó ní, "Ìyàwó, ẹnì kan ti fi nǹkan sínú èyí."

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Èmi àgbàlagbà, mo kúnlẹ̀ lórí erùpẹ̀, mo ní ọkọ mi ọ̀wọ́n, adúmáadán, jọ̀wọ́ torí Ọlọ́run. Ó mú ewé kan ṣoṣo sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹni ń ronú. Bí mo ṣe gbójú kúrò báyìí, ó ti tu ú fún ewúrẹ́. Ewúrẹ́ ìyá ọkọ mi ló jẹ ìyókù pẹ̀lú, lójoojúmọ́, lẹ́yìn ilé. Ó sanra, irun rẹ̀ ń dán, ó sì bí ìbejì. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ń wí, ara ewúrẹ́ ló wà.

Mo ní kí Bẹ̀llò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó bá a sọ̀rọ̀. Ó ra àkàrà fún un.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí Iléyá pé, ọjọ́ Jímọ̀ ni, wọ́n ti kírun dé, gbogbo ilé sì wà lágbàlá, àwọn kan ń jẹun, àwọn kan ń gúnyán. Mo ti rìn lọ sí àkùrọ̀ láti já odù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀gún gún mi lẹ́sẹ̀ lọ́nà méjì. Mo gbé oúnjẹ síwájú ọkọ mi. Ó mú ewé àkọ́kọ́, ó nà án sí ewúrẹ́ lójú mi, kò tilẹ̀ fi pa mọ́. Ó ní, "Gbà, Ìyàwó ló já a."

N kò mọ bó ṣe jáde lẹ́nu mi.

"Bíntù!"

Ọmọ odó tí Adérónkẹ́ gbé sókè kò sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń mumi dá ife dúró sẹ́nu. Bí mo ti sọ èyí tí mo sọ, mo ní kí n kúkú sọ ọ́ tán. "Bíntù ọmọ Bẹ̀llò, jókòó síbẹ̀. Inú ikùn rẹ ni ewé yìí ń lọ lónìí. Bí kò bá lọ, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ máa jókòó síbí di ọjọ́ Iléyá. Ṣé o gbọ́ mi?"

Ó wo ìyá bàbá rẹ̀. Ìyẹn ń wo ewúrẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà jókòó. Ó mú ewé kan sẹ́nu, omi lé sójú rẹ̀. Ó ní, "Ó korò."

Mo ní, "Mo mọ̀. Gbé e mì."

Ó gbé e mì. Ó jẹ gbogbo rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń jẹ, ewúrẹ́ dúró tì í, kò rí nǹkan kan gbà. Nígbà tó tán, ó la ẹnu sílẹ̀ kí n wò ó. N kò tilẹ̀ ní kó là á.

Wọ́n dá ẹjọ́ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn obìnrin ilé jókòó, wọ́n ní mo ti pe ọkọ lórúkọ ní gbangba, wọ́n ní kí n fi adìẹ kan san ìtanràn, kí n sì gbá gbogbo agbo ilé fún ọjọ́ méje. Mo ní mo jẹ̀bi. Ìyá ọkọ mi jẹ itan adìẹ náà, ó fọ ọwọ́, ó ní, "O kò gbọdọ̀ dán irú ẹ̀ wò mọ́. Bí o bá sì máa dán an wò, dúró kí n lọ sẹ́yìn ilé."

Lọ́jọ́ kejì mo pa ẹnu mi mọ́. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo ní, "Ọkọ mi, oúnjẹ rẹ rèé." Kò fọwọ́ kàn án. Kò jẹ iyán, kò jẹ ẹja, kò tilẹ̀ wo ewúrẹ́. Mo ní, "Òpẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, kí ló dé?" Ó ń fi ìka fa ilẹ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló sọ̀rọ̀.

"Pè mí bí o ṣe pè mí lánàá."

Ìyá ọkọ mi dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo nǹkan lẹ́yìn ilé. Mo dúró kó kọjá. Mo ní, "Bíntù, jẹ ẹ̀fọ́ rẹ." Ó sì jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, ìyá ọkọ mi ń lọ sẹ́yìn ilé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ọjọ́ márùn-ún kì í ṣe idán. Lọ́jọ́ Iléyá, ìyá Simiat sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́lẹ̀kájà, arúgbó kúkurú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ó sì gbá ọmọ náà lápá mú. Ó fi ìka méjì wọn apá náà. Ó gbé ojú sókè wò mí, kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ní, "Bá mi di ẹrù rẹ̀."

Mo di í. Aṣọ mẹ́ta, bàtà kan, ìbòrí kékeré tó fi ń lọ sí ilé kéwú. Mo so kókó rẹ̀, mo tú u, mo tún un so. Bẹ̀llò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá ọkọ mi ní a kì í gbé ọmọ rìnrìn àjò pẹ̀lú ebi, kí wọ́n jẹun ná, ni mo bá bu oúnjẹ fún arúgbó náà pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Gbogbo ilé ń wò wọ́n. Ọmọ náà ń jẹ ẹ̀fọ́, ojú rẹ̀ le koko, ó ń gbé e mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àánú ṣe arúgbó náà. Ó ní, "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Má jẹ ohun tí o kò fẹ́."

Ọmọ náà mi orí. Ó ní, "Ìyá mi á bínú."

Ọwọ́ arúgbó náà dúró lórí iyán. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá rẹ ti kú, ọmọ mi."

"Kì í ṣe ìyẹn," ni Bíntù wí. Ó nawọ́ sí mi, ọbẹ̀ ń kán ní ìka rẹ̀. "Èyí tó ń pariwo mọ́ mi."

Mo dúró pẹ̀lú ẹrù náà ní apá, mo sì ń sunkún níṣojú àwọn ọkọ mi gbogbo, ojú kò tì mí. Arúgbó náà fọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀. Ó bi mí pé kí lorúkọ mi. Mo sọ fún un.

Ó ní, "Hùmúàní, tú ẹrù ọmọ rẹ."