Àlàfo Inú Akoto

Garawa bíríkì ń gòkè, orin ló ń fà á. Lóòótọ́, ọkùnrin mẹ́rin ló di okùn mú nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Ìyá Olórin ni wọ́n ń tẹ̀lé:

“Ẹ fà á, kó máa lọ,
ẹ fà á, ọkọ mi ń retí.”

Bó bá dákẹ́, gbogbo ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Òfin iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ta ló wá rí i kó dákẹ́ rí? Ọkọ rẹ̀, bíríkìlà tó ń mọ ògiri lórí pákó òkè, máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orin ìyàwó òun kò ní àlàfo tí èèyàn lè fi mí.

Inú obìnrin náà ń dùn ṣìnkìn láàárọ̀ yìí. Ọkọ rẹ̀ ti ń ráhùn pé okùn inú akoto, fìlà líle tí wọ́n fi ń dáàbò bo orí níbi iṣẹ́, ń fún òun níwájú orí. Ni aya rere bá mú sísọ́ọ̀sì, ó gé okùn náà dànù, ó fi fóòmù ìrọ̀rí dí inú akoto bámúbámú. Ọkọ dé e, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé iṣẹ́ ni orí òun ń lọ ni àbí oorun.

Nítòsí wọn, fọ́ọ̀mánù ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, ó dojú akoto tirẹ̀ sókè.

“Ṣé ẹ rí okùn yìí? Òun ni kì í jẹ́ kí akoto kan orí. Bí nǹkan bá já lù ú, okùn á nà, á gba agbára rẹ̀. Bí ẹ bá dí àlàfo yìí, agbárí ni yóò gba gbogbo rẹ̀, ọpọlọ á sì mì bí omi inú agbè.”

Orin já lẹ́nu Ìyá Olórin.

Gbogbo ọwọ́ dúró. Garawa rọ̀ dirodiro. Ó ti pẹ́ tó ti ń wí fún ọmọ ẹlòmíràn pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́; òun náà ló wá mú sísọ́ọ̀sì. Ọkọ rẹ̀ yọjú láti òkè, ó béèrè bóyá ọ̀fun ló ń dùn ún.

“Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá, baálé mi. Akoto tí mo tún ṣe fún yín, mo bà á jẹ́ ni.”

Àwọn afokùn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó ṣí akoto tirẹ̀ kúrò lórí, ó fi dé ọkọ rẹ̀ lórí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀. Fọ́ọ̀mánù dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìpàkọ́, àṣé ohun tí ì bá ti tán ìráhùn ọkọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ní kí ìyàwó lọ máa kọrin lẹ́yìn ọgbà, níbi tí nǹkan kò lè já lù ú.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, bí garawa ṣe ń kọjá lọ sí pákó tó ga ju ti bíríkìlà lọ, bíríkì kan yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó já gbàà lu àárín orí ọkùnrin náà. Ó kúnlẹ̀. Akoto sán láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Nílé ìwòsàn, dókítà tan iná sí i lójú, ó bi í léèrè orúkọ ìyàwó rẹ̀. Bíríkìlà ní òun mọ̀ ọ́n, àmọ́ ariwo ni òun ń pè é. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní ọpọlọ rẹ̀ kò fara pa, kó kàn sinmi, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ.

Ìyá Olórin gbé akoto tó sán lé itan. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, láàárín okùn àti ike. Ìbú ìka méjì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán.

Ọkọ rẹ̀ dijú, ó ní kó kọrin fún òun. Ó kọ ìlà kan, ó dákẹ́, ó gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń mí, kó tó mú èkejì.