Ariwo Tí Fẹ̀sọ̀jayé Fi Ń Wòran

Nígbà tí ojú Fẹ̀sọ̀jayé fọ́ tán, lọ́dún 1995, ohun tó kọ́kọ́ sọ pé òun ò ní ṣe mọ́ láyé òun ni kí òun lọ wo bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì. Sọ̀féyọ̀ ìjọba ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ti wọn ilẹ̀ láti Ọ̀wọ̀ dé Ìjàgbà fún ọdún mọ́kànlélógún. Àìsàn ojú ló bá a jà. Ó ń jí ìríran rẹ̀ bù díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jí epo bù nínú ìkòkò, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tí ilẹ̀ mọ́ fún gbogbo ayé tí kò mọ́ fún un.

Monica ìyàwó rẹ̀ ni kò gbà. Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kì í sì í pariwo bó bá fẹ́ ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Ní Sátidé kan ó ki bàtà bọ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Bàbá Mojí, ẹ dìde. Aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ́ lù."

"Kí ni mo fẹ́ lọ wò?"

"Èmi ni mo fẹ́ lọ wòran. Ẹ sìn mí lọ."

Ìràwọ̀ Ọ̀wọ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n wà nínú líìgì, bọ́ọ̀lù sì ni iṣẹ́ òòjọ́ àwọn tó ń gbá a. Bí wọ́n bá lọ síta, wọ́n a máa fìdí rẹmi. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wá bá wọn nílé, ojú àlejò a rí màbo. Kọ́ọ̀tù wọn kò ní òrùlé. Àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì ló yí i ká, ibẹ̀ ni èrò máa ń jókòó sí, akọ̀wé àti tíṣà, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì, ẹni tó ń toko bọ̀ tòun ti àdá rẹ̀, títí ẹsẹ̀ kò fi ní gbèrò.

Lọ́jọ́ náà, bí Fẹ̀sọ̀jayé ti jókòó sórí àtẹ̀gùn kẹta, nǹkan tí kò retí ṣẹlẹ̀. Ó ríran. Kì í ṣe pé ojú rẹ̀ là. Ariwo èrò ló ń ya àwòrán sínú òkùnkùn rẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá kan Boniface lọ́wọ́, ọmọkùnrin gíga tó jẹ́ ààyò gbogbo ìlú, àwọn obìnrin tó jókòó lápá ìlà oòrùn á fa èémí sínú lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá ń sáré lọ, ariwo á máa bá a lọ láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, bí atẹ́gùn ti ń gba orí oko àgbàdo kọjá. Bó bá wá fò, tó ju bọ́ọ̀lù sókè, gbogbo ènìyàn á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Fẹ̀sọ̀jayé fẹ́ràn jù. Inú rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti máa ń léfòó fún un, ó pọ́n bí ọsàn, ó rọra ń yí, kò kánjú, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń tàn sí i lára. Lẹ́yìn náà ni ibi gbogbo á bú: "Ọ̀ghọ̀ o!" bí àwọn onílé ti ń fi ẹnu ara wọn pe Ọ̀wọ̀. Nígbà náà ló ń mọ̀ pé ó ti wọlé.

Fún ọdún méjì kò pa Sátidé kan jẹ. Ó tún ń lá àwọn eré náà lójú oorun, kò sì mọ èyí tó lọ wò mọ́ yàtọ̀ sí èyí tó lá. Monica ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fún un. "Èyí tí Boniface ti fò kọjá orí òpó yẹn," á ní, "àlá ni, Bàbá Mojí."

Ní ìparí ọdún 1997, epo bẹntiróòlù wọ́n bí imí eégún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ti gba ìsinmi lọ sílé, ara ìlú sì ń fi ẹsẹ̀ wọn pamọ́ fún ibi tó bá pọn dandan. Ìràwọ̀ pàdánù eré mẹ́ta nílé léraléra. Lọ́jọ́ kẹrin, Fẹ̀sọ̀jayé jókòó sáyè rẹ̀, ó gbọ́ tí bọ́ọ̀lù ń lu ilẹ̀, kì, kì, kì, ó gbọ́ tí bàtà ń dún lórí sìmẹ́ńtì, kò sì rí nǹkan kan.

"Monica, ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́."

"Ọwọ́ ta ni bọ́ọ̀lù wà?"

"Boniface ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú wọlé ni."

"Ó jù ú wọlé? Èèyàn mélòó ló wà níbí?"

Monica wo ọ̀tún, ó wo òsì. "A ò ju ogójì lọ."

Ọkùnrin náà káwọ́ lé itan. Ojú tó ti fọ́ láti ọdún méjì, ọjọ́ yẹn ló tó mọ̀ pé ó fọ́.

Lẹ́yìn eré, Láníyì, máníjà ẹgbẹ́, wá kí wọn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Bàbá, àwọn líìgì ti kọ̀wé. Bí kọ́ọ̀tù wa ò bá kún ní Sátidé tó ń bọ̀, Àkúrẹ́ la ó ti máa gbá ìyókù."

"Tó bá di Àkúrẹ́, ta ni yóò pariwo fún yín?"

Láníyì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn bọ́ọ̀lù jọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, bí Monica ti ń ti iléèwé bọ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di Ẹtì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ́sọ̀ọ̀sán, láti ilé dé ilé, láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń bẹ èèyàn kí wọ́n wá wòran ní Sátidé. Ọyẹ́ ti dé. Ọ̀nà funfun lójú Monica bó ti dúdú lójú ọkọ rẹ̀, síbẹ̀ ọkọ ló ń júwe ọ̀nà.

"Òpó ààlà kan yẹ kó wà lọ́wọ́ òsì."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ká yà."

Ní Emùré-Ilé, àwọn obìnrin ìjọ Àgùdà fetí sí i, wọ́n sì ṣèlérí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé Ìdásẹ̀n, níbi tí àgbẹ̀ àgbàlagbà kan, Akínbọ̀wálé, ti ń da kòkó rú lórí ẹní. Ó mọ ohùn àlejò náà kó tó gbójú sókè.

"Sọ̀féyọ̀. Ìwọ tí o ri òpó ààlà tí igi obì mi mẹ́ta fi bọ́ sọ́wọ́ aládùúgbò mi lọ́dún 1986."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Mo ṣì í wọ̀n ni. Ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n padà wá."

Monica yíjú wò ó. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Àgbẹ̀ náà nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀. "Ọdún mọ́kànlá. O sì wá ń pè mí kí n wá wo àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ìwọ tí o ò ríran, kí lo ń wò níbẹ̀?"

"Àwọn èèyàn ni. Bí wọ́n bá pọ̀, tí wọ́n ń hó, mo ń rí eré náà ju ìgbà tí ojú mi là lọ. Bí wọn ò bá wá, inú ihò ni mo jókòó sí."

"Nítorí tìẹ nìkan ni gbogbo Ìdásẹ̀n yóò ṣe rìn?"

"Eré náà ni wọ́n fẹ́ gbé kúrò nílùú wa, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Mo fẹ́ ẹ fún ara mi náà."

Akínbọ̀wálé dá ọwọ́ padà sínú kòkó. "Ẹ máa lọ sílé," ló wí, kò sì wí jù bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, tọkọtaya náà tètè dé. Sìmẹ́ńtì tutù. Fún ìgbà pípẹ́, ẹyẹ ni Fẹ̀sọ̀jayé ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ orin láti ọ̀nà jíjìn: àwọn obìnrin Emùré ló ń bọ̀. Ó gbọ́ katakata kan tó ń fa ọkọ̀ kòkó, ó gbọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹnì kan fi èjìká tì í.

"Sún síbẹ̀."

"Ta ni?"

"Ẹni tó ni igi obì. Èwo ni tiwa nínú wọn?"

"Àwọn aláwọ̀ ewé, Bàbá," ni Monica dáhùn.

Akínbọ̀wálé kò mọ nǹkan kan nípa eré náà. Ó béèrè ìdí tí wọn kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ gbá a. Kí ìdajì eré tó pé, òun ló ń pariwo jù. Ó sọ fún Fẹ̀sọ̀jayé pé rẹfirí yẹn ì bá ṣe sọ̀féyọ̀ dáadáa, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àlejò fi ẹyọ kan ṣíwájú. Bọ́ọ̀lù kan Boniface lọ́wọ́, àwọn obìnrin fa èémí sínú, ó fò, gbogbo ayé sì dákẹ́. Bọ́ọ̀lù náà léfòó. Kò tíì pẹ́ bẹ́ẹ̀ lókè rí. Lábẹ́ rẹ̀ ni Fẹ̀sọ̀jayé ti rí gbogbo ọ̀nà tó wọ̀n láyé rẹ̀, tí wọ́n tẹ́ nínú ọyẹ́ bí okùn funfun, tí èèyàn sì ń rìn bọ̀ lórí wọn láti ibi gbogbo.

Kò wọlé. Etí irin ló gbá, ó sì ta dànù.

Fẹ̀sọ̀jayé ń retí ìró ìdí tó ń dìde àti bàtà tó ń wọ́ lọ. Kò gbọ́ ọ. Ẹnì kan láàrin àwọn ará Emùré ló gbé e: "Ọ̀ghọ̀ o!" Wọ́n sì gbà á káàkiri, wọn ò dákẹ́, títí àwọn àlejò tó borí náà fi dúró láàrin kọ́ọ̀tù tí wọ́n ń wò wọ́n. Láníyì padà wá sọ pé òṣìṣẹ́ líìgì kà wọ́n dé ẹgbẹ̀rún kan, ó sì fi bírò sápò. Àkúrẹ́ ti di ọ̀rọ̀ àná.

Lọ́jọ́ Ajé, Fẹ̀sọ̀jayé ní kí Monica bá òun kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì òun àtijọ́, kí wọ́n wá tún òpó ààlà kan rì ní Ìdásẹ̀n.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, bí èrò ti ń hó, ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún bi í.

"Ẹ má dà mí láàmú, Bàbá Mojí," ni obìnrin náà wí jẹ́ẹ́. "Mo dijú ni. Ó ń bọ̀ lọ́wọ́ òsì."